Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Kọ́ Ní Ìrìn

Bàbá mi kò gbà kí n gun máṣíìnì òun rí. Láti kékeré ni mo ti máa ń bá a fi kẹrosíìnì fọ irin rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí ìjókòó rẹ̀ báyìí, á ní, "Sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kì í gun irin." Alùpùpù ńlá àtijọ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ. Òun ni bàbá ń gùn láti ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rírù ẹrù ní èbúté Wáàfù, títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi nọ́ọ̀kì tí kò lè yí mọ́. Bàbá gbé e ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi tàpólì bò ó, ó ní òun máa tún un ṣe. Ibi tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá a, tó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lọ.

Èmi ló kù sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fẹ́yàwó, ó ń gbé ní Ìjọra Badia. Ibẹ̀ ò jìnnà, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó yọjú. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún bàbá, tí mò ń fún un ní ògì, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mi ní ọgbà àwọn onítírélà ní Creek Road. Lọ́jọ́ kan, máṣíìnì kan pariwo kọjá lójúde. Bàbá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá jẹ́ kó tún gbọ́ ohùn tirẹ̀.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní ibùdókọ̀ Coconut ni mo gbé e lọ bá. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó mi orí, ó sì wá písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tó bá a mu, títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ tó tò ó pọ̀ tán, ó fẹsẹ̀ ta á. Máṣíìnì wúkọ́, ó kú, ó tún wúkọ́, ló bá gbóhùn sókè. Mo ti fẹ́ fò gùn ún.

"Àǹtí, ẹ dúró ná," ó ní. "Àwọn irin inú ẹ̀ ò tíì mọ ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ń sáré báyìí, wọ́n á gbóná, wọ́n á sì gan mọ́ra wọn. Ẹ rọra kọ́ ọ ní ìrìn. Ẹ má gbé èrò, ẹ má gbé ẹrù. Tó bá ti gbóná, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kó sinmi. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ títí tí ẹ ò fi ní rí ìyẹ̀fun irin nínú ẹ̀ mọ́."

Mo ti kọ́ gígùn lórí máṣíìnì ibi iṣẹ́ wa. Ẹ́ńjìnnì yìí sì tóbi ju ti ọ̀kadà lọ, òfin ìjọba tó ní kí ọ̀kadà má rìn kò kàn án. Àárọ̀ Sunday ni mo máa ń gbé e jáde, nígbà tí tírélà bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Creek Road, tí àwọn awakọ̀ ṣì ń fọ ẹnu. Wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. "Sista, person wey dey waka go reach before you o!" Wọ́n ní ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á ṣáájú mi dé. Ẹ́ńjìnnì ni mò ń gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ̀n mọ́ mi nítan bí ẹni tí ibà mú. Díẹ̀díẹ̀, gbígbọ̀n náà rọ̀. Ọ́ìlì tí mo kọ́kọ́ dà nù dúdú, ó ń dán fún ìyẹ̀fun irin. Èyí tó tẹ̀ lé e mọ́ jù ú lọ. Nígbà tó ku pípààrọ̀ ọ́ìlì kan péré, sùúrù mi tán. Mo gbé bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sì fẹsẹ̀ ta máṣíìnì kó dún níwájú rẹ̀.

Ó dijú. Ó fi ẹnu rẹ̀ tó wọ́ rọra sọ̀rọ̀. "Ó ti jí," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ wá."

Mo rò pé ó fẹ́ kí gbogbo wa jọ yọ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, bàbá ní kí n fún un ní kọ́kọ́rọ́.

"Bàámi, èmi ni mo tún un ṣe o."

"Mo mọ̀. O ṣeun. Ṣùgbọ́n òun ni ọkùnrin. Ìwọ ń lọ sílé ọkọ."

Ọkọ wo? Ta ni yóò dúró de obìnrin tó ń gbé bàbá rẹ̀ wọ balùwẹ̀ láràárọ̀? Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sáré lórí ẹ̀, kò tíì mọ ìrìn tán."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní máṣíìnì?" Bó ṣe ń fún un níná tó ń sáré lọ, mo gbọ́ ọ títí ó fi dé ìkóríta.

Kò pẹ́ rárá. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ àti àpò ìrẹsì kan sẹ́yìn, ó ń sáré gun afárá Ìjọra, ẹ́ńjìnnì bá gan. Ọmọlanke ni wọ́n fi gbé máṣíìnì náà padà wá bá wa.

Bàbá wò ó láti orí ibùsùn. Ṣíbí ògì wà lọ́wọ́ mi. "Iṣẹ́ tí obìnrin bá ṣe, bó ṣe ń rí nìyẹn," ó ní.

Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo jáde lọ dúró sẹ́yìn ilé. Ẹkún kò wá. Nígbà tí mo wọlé padà, ògì ti dì. Mo gbé e kaná, mo sì fún un jẹ, torí kò sí ẹlòmíràn tí yóò fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tún gbé máṣíìnì náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo ní rárá, mi ò lọ. Mi ò kọ̀ fún un rí láyé mi. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jogún máṣíìnì, ẹ wá jogún kànìnkàn ìwẹ̀ náà." Ó rán ìyàwó rẹ̀ wá fúngbà díẹ̀, nígbà tó yá, ìyẹn ò wá mọ́. Máṣíìnì náà, ó tà á fún àwọn tó ń ra irin pàǹtí. Ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́ ọ.

Èmi ni mo ṣì ń wẹ̀ fún bàbá. Mò ń kí i, mò ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bá a tàkúrọ̀sọ mọ́. Ó ń sọ fún àwọn tó ń wá kí i pé ọmọ òun obìnrin ti le lọ́kàn. Irọ́ kọ́ ló ń pa.