Ohùn Màámi Nínú Yàrá Òkùnkùn

Ilé kan wà lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti máa ń gba àwọn oníṣẹ́ ọnà lálejò. Wọ́n á fún ọ ní yàrá àti ibi iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wàá pe aráyé wá wo ohun tí o ṣe. Ohùn ni èmi fi ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń gbà á sílẹ̀, màá tò ó lórí kọ̀ǹpútà, màá sì gbé sípíkà kọ́ káàkiri yàrá kan kí àwọn èèyàn lè jókòó síbẹ̀ gbọ́ ọ.

Ariwo ọjà ni mo sọ fún wọn pé màá lò. Àmọ́ kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Télọ̀ ni wọ́n, àdúgbò Under G, lẹ́bàá yunifásítì, ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń gbé iṣẹ́ fún wọn jù. Nígbà tí Màámi fi máa ti ilé ìwòsàn dé, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Ẹnu ni kò gbà fún wọn láti fèsì.

Màámi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣì wà lọ́wọ́ mi: ibi tí wọ́n ti ń ṣàròyé iná tí kò sí, ibi tí wọ́n ti ń fi akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kí wọ́n fún aṣọ mọ́ òun lára rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn lójoojúmọ́ torí àárò. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n pọ̀. Mo pa ariwo ọjà tì.

Inú obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé náà dùn nígbà tó gbọ́ ọ. "Iṣẹ́ rẹ gan-an rèé," ló wí. "Má yọ nǹkan kan kúrò."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tọ́jú Màámi, ò rí i bẹ́ẹ̀. "Ìyá wa lo fẹ́ fi ṣe ìran? Ṣé o ti bi wọ́n?"

Mo ní kó gbé wọn wá kí wọ́n fúnra wọn gbọ́ ọ, kí àlejò tó dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé. Mo fi Màámi jókòó sáàárín yàrá, mo pa iná, mo sì tan ohùn náà.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Màámi yíjú sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé èèyàn kan wọlé. Nígbà tí wọ́n dá ohùn ara wọn mọ̀, ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n fẹ́ bá ohùn yẹn sọ ohun tó ń sọ. Ìró tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Wọ́n tún gbìyànjú, òógùn bò wọ́n. Lójijì ni wọ́n dìde láìdúró dè wá, wọ́n rìn dé ìdí sípíkà tó sún mọ́ wọn jù, wọ́n yọ ìborùn wọn, wọ́n sì fi bò ó lójú.

"Ṣé kí n pa á, Màámi?"

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ ni?"

Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wí, ó kàn di ọwọ́ wọn mú lọ sídìí ọkọ̀.

"Àwọn àlejò ò mọ ìyá rẹ rí," ni ọ̀gá ilé náà sọ nígbà tí mo ní mi ò lò ó mọ́. "Ta ni yóò lọ sọ fún wọn pé a lo ohùn wọn?"

"Èmi mọ̀ wọ́n, mà," ni mo fèsì.

Mo padà sórí ariwo ọjà. Àwọn èèyàn wá, wọ́n ní mo kú iṣẹ́, wọ́n lọ. Ọ̀gá náà ń fi ẹnu lásán kí mi títí mo fi kó ẹrù mi.

Ní báyìí, obìnrin kan máa ń wá sílé kọ́ Màámi ní ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n ti lè sọ pé "omi". Wọ́n ti lè pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi ò tíì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní torí pé orúkọ mi gùn ni. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìborùn tí wọ́n fi bo sípíkà yẹn ni mo ń rántí.