Ẹni Olódòdó Tó Ń Béèrè Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí kí ẹnikẹ́ni kan géètì ilé wa ní Maiduguri ti tó láti lé mi wọ yàrá. Kì í ṣe pé ẹ̀rù jẹ́ tuntun nílùú nígbà náà. Ìró ìbọn ti di ohun tí à ń gbọ́ bí a ti ń jẹun lọ́wọ́. Àwọn ṣọ́jà ti to àpò iyanrìn sí oríta gbogbo, àwa ọmọ yunifásítì sì ti mọ bí a ṣe ń da àyà délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó kan gbogbo ìlú yàtọ̀ sí ẹ̀rù tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè wọlé. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo pè é.

Ọmọ Iléṣà ni bàbá mi, ẹnjiníà omi tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Borno nígbà tí n kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Òyìnbó ilẹ̀ Pólàǹdì ni ìyá mi, níbi tí bàbá mi ti lọ kàwé. Old GRA ni à ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ tí igi dóńgóyárò ṣíji bò. Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ló sì máa ń fi rìn lọ láràárọ̀. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Ìjẹ̀ṣà, nítorí pé ìyá bàbá mi ló kọ́ ọ, Hausa rẹ̀ sì dán ju ti bàbá mi lọ. Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé e, wọ́n á máa pariwo "Nasara!", ìyẹn òyìnbó, òun á yíjú padà, á kí wọn ní Kànúrí, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ni n kò rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, akọ̀wé tó jókòó sídìí fèrèsé ní kí n lọ tò sórí ìlà àwọn àjèjì, bẹ́ẹ̀ ìlú yẹn ni mo ti dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí bóyá afín ni mí. Òmíràn ní àdàlù ni mí, kì í ṣe ẹ̀wà, kì í ṣe àgbàdo. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan bínú.

Ọ̀rẹ́ mi ló yí ìbínú yẹn padà. Ọmọ sájẹ́ǹtì kan ni, Yorùbá tí wọ́n bí sí bárékè, tó jẹ́ pé bí inú bá bí i, Hausa ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọdún kẹta, ó ní ṣé ẹni tí wọ́n bá fi orúkọ bú kò lè gba orúkọ náà kó fi kọ́lé ni. A lọ sí kafé tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà yunifásítì, a sì ṣí ojúewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ìdílé tí àwọ̀ méjì pàdé nínú wọn. A pè é ní Ilé Àdàlù. Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, àwa ní kí àwọn ejò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pọ̀.

Wọ́n rìn wá lóòótọ́. Ìyá òyìnbó arúgbó kan kọ̀wé láti Ìbàdàn, ó ní òun ti pẹ́ nílé ọkọ débi pé èdè òun ti fẹ́ gbàgbé òun. Bàbá kan ní Jos fi àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ránṣẹ́, kò sí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti èkejì mu. Àwọn ìyá ń kọ́ ara wọn bí a ṣe ń ya irun tó máa ń ṣẹ́ kóòmù. Èmi tí wọ́n ti lé kúrò lórí ìlà rí, mo wá di ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹlòmíràn. Ó gùn mí. Mo ń rìn nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni pé gómìnà ló bí mi.

Inú ìgbéraga yẹn ni mo ti gbé àwòrán ìyá mi síbẹ̀. Ó dúró níwájú géètì wa, ó ń rẹ́rìn-ín, nọ́ńbà ilé wa sì hàn gedegbe lára òpó. Kò pẹ́ tí ẹnì kan tí n kò mọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Kò sí orúkọ ènìyàn níbẹ̀, kò sí ojú, àwòrán òdòdó pupa kan ṣoṣo ló fi síwájú. Hausa ló fi ń kọ̀wé. Ó ní ìyá mi rẹwà. Ó béèrè bóyá ó máa ń jáde lójoojúmọ́. Ó béèrè aago tí bàbá mi ń lọ síbi iṣẹ́. Ó béèrè bóyá a ní mégàádì. Mo dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, mo tún fi iyọ̀ sí i: pé ẹsẹ̀ ni ìyá mi fi ń rìn, pé aago méje ni bàbá mi ń jáde, pé mégàádì wa ti dàgbà, oorun ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé mo ń ṣe àlejò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ṣí ojúewé náà, mo sì bá èyí níbẹ̀: "Mo rí ìyá rẹ lónìí. Ó wọ búláòsì aláwọ̀ ewé. Mo tẹ̀lé e dé ẹnu ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n n kò lè sọ̀rọ̀."

Ibi "mo tẹ̀lé e" ni ojú mi dúró sí. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ti ń jí òyìnbó gbé káàkiri àríwá. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní kí n pa àwòrán náà rẹ́ kíá. Kí n tó tẹ nǹkan kan, iná lọ. Oníkafé ní kí a máa lọ sílé, pé aago kónílé-ó-gbélé ti ń kánjú bọ̀, kí a padà wá lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, ìjọba ti gé gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìpínlẹ̀ náà. Fóònù di òkúta lọ́wọ́ gbogbo wa. Àwòrán ìyá mi wà níta níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, àfi èmi tí mo gbé e síbẹ̀.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyẹn títí dòní. Mo ń dá ọgbọ́n lásán: mo fi búláòsì aláwọ̀ ewé yẹn pamọ́, mo ń sin ìyá mi lọ síbi iṣẹ́, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí láti jókòó jù. Gbogbo ọkọ̀ tó bá rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo máa ń bọ́ sí àárín ọkọ̀ náà àti ìyá mi. Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí kò mọ ìsọdipúpọ̀, èmi ń ka ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kẹfà, mégàádì, bàbá Kànúrí tó ti wà pẹ̀lú wa láti kékeré mi, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ẹnì kan tó da aṣọ dúdú borí délẹ̀ ti kan géètì lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, tó ń béèrè nasara. Ó ní Hausa rẹ̀ kò já geere, kò sì jẹ́ kí òun rí ojú rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ," ó ní. "Mo gbé kóńdó sókè, mo ní màá pe ṣọ́jà. Ó sá lọ."

Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn àwọn ọkùnrin tó ń wọ aṣọ obìnrin láti gbé bọ́ǹbù kiri. N kò lè fara dà á mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti ń jẹun, mo jẹ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí oorun mégàádì. Bàbá mi kò pariwo. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ aago tí òun ń jáde, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bojú wo àwo rẹ̀, ó ní a máa kó lọ sí Iléṣà. Ìyá mi ní òun kò lọ sí ibì kankan, pé ibẹ̀ ni ilé òun.

"Màmá wọn," ni bàbá mi wí, "a kì í bá ẹ̀mí ná ọjà."

Bàbá ọ̀rẹ́ mi, sájẹ́ǹtì yẹn, ló sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà yóò ṣáájú àwọn ọkọ̀ mìíràn jáde nílùú. Ìyàwó mégàádì yá ìyá mi ní láfàyà, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń wé ara láti orí dé ẹsẹ̀, ìyá mi sì wọ ìbọ̀wọ́ lé e. Níbi tí wọ́n ti dá wa dúró lójú ọ̀nà Damaturu, ṣọ́jà kan ní kó ṣí ojú. Bó ti ṣí i, àwọn èrò ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yí ọrùn wò ó, gbogbo wọn pátá. Ó lè máà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lójú mi, a dàgbà síbẹ̀.

Nígbà tí a dé Jos, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. N kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo fi sá wọ kafé láti pa àwòrán náà rẹ́. Mo bá ìwé mìíràn láti ọ̀dọ̀ ẹni olódòdó níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú gígé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti kọ ọ́.

"Má bínú pé mo tẹ̀lé ìyá rẹ. Obìnrin ni mí, ọmọ Íńdíà. Ọkọ mi mú mi wá sí àdúgbò Umarari. Ó lọ ṣòwò, kò padà wá. Àwọn àna mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti jẹ́ kí n jáde. Ọmọ mi kò tíì pé ọdún kan. Bí ìyá rẹ bá lè bá mi sọ̀rọ̀, mo fẹ́ mọ bí èmi àti ọmọ mi ṣe lè kúrò níbí. Màá wá nígbà tí bàbá rẹ kò bá sí nílé, kí ọkùnrin kankan má baà rí mi."

Mo kà á títí ojú mi fi ṣú. Hausa tí kò já geere yẹn ti wà níwájú mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bó bá rí ekòló á sá, mo sì ti kọ́ gbogbo ilé wa ní sísá.

Mo dà á kọ, mo sì kà á fún ìyá mi nínú mọ́tò. Ó gbọ́ ọ tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ ló gbé mọ́ àyà," ó ní. Ó yíjú sí bàbá mi. "Ẹ yí mọ́tò padà."

Bàbá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí ọkọ̀. Kò yí i padà. Títí a fi dé Iléṣà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni ìyá mi ń wò.

Mo kọ̀wé sí obìnrin náà lọ́jọ́ yẹn, àti ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àti nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà sí Borno lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Nígbà tí bàbá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, òun àti mégàádì wá a kiri Umarari. Àwọn kan ní ìdílé náà ti kó lọ sí Kano, àwọn mìíràn ní Chad. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lórúkọ. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí i, n kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ilé Àdàlù ṣì wà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la ṣì ń bójú tó o, a kì í sì jẹ́ kí nọ́ńbà ilé ẹnikẹ́ni hàn níbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń yìn wá pé ibẹ̀ ni àwọn ti rí ará. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi ti darúgbó ní Iléṣà. Bí mo bá pè é, á kí mi, á béèrè àwọn ọmọ mi, á wá bi mí léèrè:

"Ṣé ó ti kọ̀wé?"

"Kò tíì kọ, Màmá."

Á ní ó dáa, kí n tún wò lọ́la.