Bùràímọ̀ Télọ̀ Tó Ń Jẹ Àtẹ́

Ní ìgbà òjò ọdún 1965 ni ẹsẹ̀ Bùràímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Télọ̀ ni, ní Ẹ̀jìgbò. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Àbíjàn kó tó padà wálé láti wá kọ́lé, ó sì fi Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún nídìí aṣọ tó ń tà. Àdéhùn wọn ni pé obìnrin náà á lo ọdún méjì sí i. Ọdún kẹrin nìyẹn. Ilé oníyàrá mẹ́fà ti parí, Bùràímọ̀ nìkan ló ń gbé inú rẹ̀.

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni Sàká, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kírun Àìlá tán, ìyàwó Sàká á gbé abọ́ kan wá, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì á sì jọ fọwọ́ bọ ọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí rẹ̀.

Bàtà ló kọ́kọ́ fún Bùràímọ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, bó bá jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ á ti wú débi pé kò ní í lè là á dáadáa. Ó fi téèpù ìwọnṣọ wọn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ ínṣì mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó di mọ́kànlá. Ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ. Sàká ló wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeremiah bu ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbé e sórí iná. Ìtọ̀ náà dì, ó funfun bí ẹyin tí a sè.

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Ohun tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ yín ló ń jò jáde yìí. Kíndìnrín yín ló ń ṣàìsàn."

"Kí ni iṣẹ́ wọn nínú ara?"

"Méjì ni wọ́n, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lókè ìbàdí díẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ló ń gba ibẹ̀ kọjá léraléra, wọ́n sì ń sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Bí ẹ bá jẹ iyọ̀ púpọ̀, wọ́n á da èyí tó pọ̀ jù sínú ìtọ̀. Bí ẹ bá làágùn títí tí iyọ̀ dínkù lára, wọ́n á di ìwọ̀nba tó kù mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi. Ẹni tó bá mu omi yó, ìtọ̀ rẹ̀ á mọ́ gaara. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ìtọ̀ rẹ̀ á kéré, á sì pọ́n, torí pé wọ́n ń ṣọ́ omi lò."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín kò lè ti iyọ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Ibi tí iyọ̀ bá sì dúró sí, omi á bá a níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ nígbà òjò ṣe máa ń dómi. Omi tí iyọ̀ dá dúró ló wà lẹ́sẹ̀ yín."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi dá a dúró. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú un tọ̀. Nígbà tó ń lọ, dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyọ̀, tàbí ẹja oníyọ̀, tàbí Mágì, kó má sì mu ju ife omi mẹ́rin lọ lóòjọ́.

Nígbà tó délé, ìyàwó Sàká gbìyànjú láti máa se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa jẹ ẹ́ nìṣó. Sàká ń gbé òkèlè mì bí ẹni ń gbé oògùn mì. Ní ọjọ́ kẹta, Bùràímọ̀ ní, "Padà sídìí ọbẹ̀ rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ìjà." Láti ọjọ́ náà ni Sàká ti ń lọ jẹun nílé, tí Bùràímọ̀ náà ń lọ dáná fún ara rẹ̀.

Fàsílátù kò tíì gbọ́ nígbà tó fi ẹrù rán èrò Àbíjàn kan sí i. Ẹja oníyọ̀ ni, irú èyí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù. Bùràímọ̀ gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé e fún ìyàwó Sàká. Ó kọ lẹ́tà, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Èsì dé lẹ́yìn oṣù méjì pé òun ń bọ̀ kí Iléyá tó dé. Iléyá dé, ó kọjá, Fàsílátù kò dé.

Kí ó tó dìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú. Àwọn tó ń bọ òrìṣà funfun ni wọ́n mọ̀ mọ́ àtẹ́, oúnjẹ aláìníyọ̀, ní Ẹ̀jìgbò, kò sì sí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé Bùràímọ̀ kì í jẹ iyọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tún rí i tó ń mu omi lọ́sàn-án ààwẹ̀, wọ́n ní ó ti kúrò lẹ́yìn Ànọ́bì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Lèmọ́mù pè é síwájú àwọn àgbà.

Bùràímọ̀ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọnú, kò sì padà.

"Ẹ wò ó, Àáfà. Omi ni. Mi ò bọ nǹkan kan."

Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùnmí, olórìṣà gidi, ló wá. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti télọ̀, àmọ́ wọn kì í ju kíkí lọ. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀ ni, tó máa ń kò lọ́rọọrún, ọjọ́ tí òun pàápàá kì í jẹ iyọ̀. Ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o ń jẹ àtẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àìsàn ni, kì í ṣe—"

"Mo gbọ́. Èyí kì í ṣe ti òrìṣà, má bẹ̀rù. Mo ti bù ú sọ́tọ̀ kí n tó dé ìdí òrìṣà. Fọ ọwọ́ rẹ."

Bùràímọ̀ wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó fọ ọwọ́, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́. Ìyá náà kọ́ ọ bí efinrin àti àlùbọ́sà ṣe ń bo àìníyọ̀ mọ́lẹ̀. Odindi oṣù mẹ́jọ ló fi ń wá bẹ́ẹ̀ lọ́rọọrún. Bùràímọ̀ dẹni tó ń ka ọjọ́. Àwọn aládùúgbò ń rí wọn bí wọ́n bá ń kọjá, ṣùgbọ́n wọn kì í yà.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi padà sí ínṣì mẹ́sàn-án. Jeremiah yọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ní kíndìnrín náà kò ní í rí bíi tàtijọ́ mọ́, kó má padà sídìí iyọ̀.

Nígbà ọyẹ́, ojú Ọmọ́wùnmí fọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wá mú un lọ sí ìlú Ara. Bùràímọ̀ lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Ìyá náà mọ ohùn rẹ̀, ó béèrè bóyá ó ń rí efinrin. Kì í ṣe ọjọ́ ọ̀sẹ̀, àwọn ará ilé ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, nítorí náà wọn kò jọ jẹun. Ó jókòó tì í títí oòrùn fi yẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ padà sí Ẹ̀jìgbò.