Nọ́ọ̀sì Tí Àdúrà Kò Jẹ́ Kó Sùn

Bí ẹ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ béèrè ilé Nọ́ọ̀sì Martha Akínpẹ̀lú lẹ́bàá Takie, wọ́n á fi hàn yín, wọ́n á sì bá yín kẹ́dùn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ dàgbà. Iṣẹ́ tísà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n n kò bú ọmọ kíláàsì rí bí Martha ṣe máa ń bú àgbàlagbà tí kò lo oògùn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti lò ó, nọ́ọ̀sì."

"Ó dáa. Káàdì oògùn tó ṣófo dà?"

Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò bùbá, á tú àpò ṣòkòtò, á ní ìyàwó òun ló ti kó o dànù. Martha á ní kí wọ́n lọ pe ìyàwó wá. Ojú mi báyìí ni baálé ilé kan ṣe gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn sá lọ, tó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí òun náà fẹ̀yìn tì, mo rò pé a ó jọ máa jókòó jẹ ẹ̀pà ni. Ìjọ wa ló da ètò mi rú. Ẹgbẹ́ oníṣègùn ìjọ fẹ́ kó ènìyàn mẹ́fà lọ sí Màláwì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lọ tọ́jú àwọn ará abúlé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì mú Martha mọ́ wọn. Lọ́jọ́ tó gbọ́, ó já wọ ilé mi, kò tilẹ̀ kí mi.

"Tísà, láti kékeré wa ni àwọn òyìnbó ti ń ti òkè òkun wá wò wá sàn níbí. Ẹ̀yìn wọn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi tẹ̀ lé. Èmi náà fẹ́ jẹ́ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n tó kú."

Omi ti lé sí i lójú. Martha tí mo mọ̀ kì í sunkún, nítorí náà àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ kó lọ bí ẹni pé èmi ni mo ń lọ.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n gbéra, pásítọ̀ ní kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde síwájú, ó ní kí ìjọ máa rántí wọn nínú àdúrà. Ọ̀dọ́ ni àwọn márùn-ún yòókù, orí fóònù ni wọ́n ti gba àdúrà tiwọn. Ṣùgbọ́n Martha! Ta ni Martha kò tọ́jú rí, ta ni kò bú rí, ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbéra kí a má dé ilé rẹ̀, kí a kí i kú ìmúra, kí a sì súre fún un. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀, tí nǹkan bá wá ṣe arìnrìnàjò lọ́nà, ojú wo ni yóò fi wo àwọn ará ilé?

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń dé, nítorí ẹni tó bá fẹ́ bá ènìyàn nílé kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á kọrin kan, wọ́n á gbàdúrà fún bàálù, fún ẹni tó máa wa bàálù, fún oúnjẹ inú bàálù. Àwọn mẹ́ta kan gun ọ̀kadà kan ṣoṣo wá láti Ìrẹsà, wọ́n gbé gàrí dání, wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá ebi wà níbi tó ń lọ. Ilé tó bá sì yà sí, dandan ni kó jẹun, ọbẹ̀ oníyọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá fọwọ́ kàn án díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ jẹun dáadáa, nọ́ọ̀sì, ọ̀nà yín jìn." Ẹnu tó fi ń bú aláìsàn kò ṣeé fi bú ẹni tó wá súre. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi náà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Lọ́jọ́rú, Dókítà Olúyẹmí, olórí ẹgbẹ́ náà, pè wọ́n fún àyẹ̀wò. Ọwọ́ Martha ni Olúyẹmí yìí ti kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá ti kọjá 150 kò ní wọ bàálù, nítorí a kì í kó aláìsàn lọ tọ́jú aláìsàn. Ó we ẹ̀rọ mọ́ Martha lápá. Ẹ̀rọ gbé 178 jáde.

"Mà, ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti lò ó."

Olúyẹmí wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Káàdì tó ṣófo dà?"

Èmi ni mo sìn ín lọ. Mo fi ìborùn bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa gba ẹnu mi jáde. Martha tú báàgì rẹ̀. Káàdì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣófo, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló lò ó. Àwọn tó wá súre ni. Bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, ọ̀kan á ní orí ń fọ́ òun, òmíràn á ní òòyì ń kọ́ òun. Martha á wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, á bú wọn, á sì já nínú oògùn tirẹ̀ fún wọn. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ Màláwì ní pálọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Olúyẹmí fún un ní oògùn mìíràn, ó ní kó lọ sinmi, kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá wálẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò rẹ̀.

Ìsinmi, nínú ilé yẹn kẹ̀? Mo gba fóònù rẹ̀, mo pa á, mo mú òun náà lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Ọjọ́ méjì gbáko ni Martha fi sùn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó di 148. Mo jó yí tábìlì ká. Àṣé Àṣàkẹ́ ti sọ fún ènìyàn mẹ́ta, mẹ́ta péré, ó ní ẹbí ṣá ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n jáde ní ìsìn lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́ta ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní pálọ̀ Àṣàkẹ́. Àgbàlagbà kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìyá Martha láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta la máa ki ní oríkì ìyá rẹ̀ tó ti kú, tí ara rẹ̀ kò ní gbóná? Wọ́n tún padà wá ní ìdájí ọjọ́ Ajé, nítorí pé wọ́n gbàgbé láti gbàdúrà fún àbọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Olúyẹmí we ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Bí iye ṣe jáde tó rí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹ̀rọ.

"148, Mà," ló wí, ó sì mú bírò.

Martha ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. 156 ló wà níbẹ̀.

"Mà, ó ku díẹ̀ náà ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ṣé irọ́ ni mo kọ́ ẹ, Yẹmí? Kọ ohun tí o rí."

"Ẹ ò ní lè lọ nìyẹn o."

"Mo mọ̀. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Martha fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde. Orí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn ló jókòó sí, ó sì sunkún bí ọmọdé. Inú bí mi sí gbogbo ìlú, sí ara mi ló sì ti pọ̀ jù.

Ìtẹ́olúwa, nọ́ọ̀sì kékeré kan, ló lọ dípò rẹ̀. Martha bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn rẹ̀ bó ti yẹ, ó jáwọ́ nínú iyọ̀, ó sì ń rìn kiri àdúgbò láràárọ̀. A kò sọ̀rọ̀ Màláwì mọ́, nítorí n kò fẹ́ tú egbò.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ń bó iṣu lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ pè mí.

"Tísà, mo ti dé."

"O dé ibo?"

"Màláwì. Mo ní kí Yẹmí má kéde mi ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Martha! O ò sọ fún èmi? Èmi!"

"128 ni mo fi wọ bàálù, Tísà. 128!"

Inú bí mi. N kò sìn ín dé gáréèjì, n kò súre fún un, ọ̀rẹ́ tí a ti ń bọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀! Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Súre náà fún mi báyìí," ló wí. "Mo ṣì ń padà bọ̀."

Mo kúnlẹ̀ sí ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe àmín, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń bá a ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá.

"Ó tó, Tísà. Àwọn aláìsàn ti tò."

"N kò tíì parí!"

"Mo mọ̀," ni Martha wí, ó sì pa fóònù. Èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí mo fi parí rẹ̀.