Ẹrù Ìkúnlẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ mi obìnrin wálé, ó sì gbé géèmù kan wá nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní kí n wá wò ó. Òṣìṣẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé epo kan, ẹnì kan sì ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá yíjú sí fèrèsé, ẹni náà á ti dúró síbẹ̀. Bí ó bá tún un wò, kò ní sí mọ́.

"Kí ni òṣìṣẹ́ yìí fi ṣe é?" mo bi í.

"Kò ṣe é ní nǹkan kan, Màmá. Géèmù ni. Ẹ kàn máa sáré ni, àbí kí ẹ sá pamọ́."

"Èwo ni wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń bá irú èyí sọ̀rọ̀? Màmá, ẹ ò mọ géèmù rárá."

Mo ní òótọ́ ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo lọ ń ṣa ẹ̀wà nínú kíṣìnnì. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ òru rí. Wọ́n ti ṣọ́ èmi náà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣọ́ tèmi mọ ìdí tó fi ń ṣọ́ mi, èmi náà sì mọ̀ ọ́n.

Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ nígbà náà. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí iṣẹ́ ni ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní ìpẹ̀kun ìlú, lọ́dọ̀ àwọn ará Emùré. Bí mo bá lanu báyìí, wọ́n á máa fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń se omi, tí mò ń di àtùpà mú nígbà tí kò bá sí iná, ìgbà tí iná sì wà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, nọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé ń pè é, èmi ò sì bá wọn jiyàn. Àwa mẹ́ta la máa ń wà níbẹ̀ lóru: èmi, mátíròòn tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà, àti bàbá ọdẹ, arúgbó tó máa ń sùn ju àwọn aláìsàn lọ.

Ìwé pélébé kan wà tí a máa ń fún aboyún, ohun tó máa rà dání ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ nítorí ọwọ́ mi dára: ọṣẹ, òwú, oògùn apakòkòrò, fìlà ọmọ, okùn tí a fi ń so ìdodo, abẹ́ tuntun, òjá. Òjá ló máa ń kẹ́yìn. Mátíròòn ní a ò fi òjá ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó dáa kí obìnrin rí i nínú ẹrù rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé òun á pọn nǹkan relé.

Lálẹ́ ọjọ́ òjò kan, ọ̀kadà gbé obìnrin kan dé láti abà. Ó wà láàárín ọlọ́kadà àti ọkọ rẹ̀, ọkọ gbá a mú látẹ̀yìn, ó fi àpò ẹrù ìkúnlẹ̀ kọ́ ọrùn. Àgbẹ̀ kòkó ni ọkùnrin náà. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi, "Ẹ kú uṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì." Ó kí bàbá ọdẹ. Ó kí obìnrin kan tó kàn wá pọnmi lọ́gbà wa.

Ọlọ́kadà ní, "Ẹ má dá ẹ̀gbọ́n yìí lóhùn o. Bó bá rí ewúrẹ́ tó ń jẹko, á ní ó kú oúnjẹ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Aboyún náà rẹ́rìn-ín, ó sì di ògiri mú.

A fi ọkọ sórí bẹ́ǹṣì níta, lábẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, nǹkan yíwọ́. Ọmọ ti kú kí ó tó jáde, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀, kò dúró. Mátíròòn ń ṣe gbogbo ohun tó mọ̀, èmi di àtùpà mú. Obìnrin náà na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi kejì mú.

"Bá mi pe ọkọ mi."

Mo wo mátíròòn, kò gbójú sókè. Òfin ibẹ̀ ni pé ọkùnrin kì í wọ yàrá ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa tó rí wọn."

"Ó wà níta yẹn. Pè é wá."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ ọ́. Láti ibi tí mo dúró sí dé ibi bẹ́ǹṣì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mi ò lọ. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti dákẹ́.

Bàbá ọdẹ gba ẹ̀yìn lọ pe ẹ̀gbọ́n bàbá olóògbé, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Bàbá náà dé, ó ṣí fìlà, ó fara ti ògiri fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má sọ fún un lóru yìí. A kì í já ikú lu èèyàn lórí bí ẹni já ẹrù. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí a kó àgbà jọ, kí a jókòó yí i ká, ká tó túfọ̀. Ẹ ní wọ́n ti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́."

Mátíròòn kọjú sí mi. "Ìwọ lọ sọ ọ́. Bó bá wo ojú tèmi, á mọ̀."

Nígbà yìí ni mo wá rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn. Mo ní wọ́n ti gba ẹ̀yìn gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, pé wọ́n máa fún un lẹ́jẹ̀ níbẹ̀. Òjò ń lu páànù gan-an, nítorí náà kò yà á lẹ́nu pé òun ò gbọ́ ìró mọ́tò.

"Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni. Olúwa á san án fún yín." Ó gbé àpò ẹrù náà kọ́rùn. "Wọ́n á bèèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀." Ó sì wọ inú òjò lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá olóògbé ní kò séwu, pé kò lè rí ọkọ̀ lóru, pé nílé ni àwọn máa bá a láàárọ̀. Ibẹ̀ la ti ṣì í. Ọkọ̀ tó kó gẹdú ló gbé e. Nígbà tí àwọn àgbà fi jókòó sílé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́nu, ó wà ní Àkúrẹ́, ó ń ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí èkejì, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kò síbi tí wọ́n lè tọ́jú òkú sí nítòsí, ni wọ́n bá sin ìyá àti ọmọ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta ló dé, àpò náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó bá èèyàn lórí ẹní nínú àgbàlá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní láti túfọ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbójú sókè nídìí tábìlì mi lóru, mo rí èèyàn lábẹ́ igi fúrúùtù tó kọjú sí fèrèsé wa. Mo rò pé òjò ló ń sá fún, ṣùgbọ́n òjò ò rọ̀. Ó rí mi, mo rí i. Kò kí mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ tí kò kí i, ọ̀tá ni, àbí kó jẹ́ òkú. Lẹ́yìn náà ni mo rí àpò lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ sílé láfẹ̀mọ́júmọ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, àti imú àdá tó ń kan òkúta ojú ọ̀nà, kẹ́n, kẹ́n. Bí mo bá dúró, á dúró. Bí mo bá yára, kò ní yára, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà. Mo wọ yàrá tí mo háyà, mo fi àpótí ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo jí lọ́sàn-án, ọṣẹ tuntun kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo rò pé ti ìyá onílé ni, mo lọ dá a padà fún un.

"Kì í ṣe tèmi o," ìyá onílé ní. "Ó ṣeé ṣe kí olólùfẹ́ rẹ rí i pé o nílò ìwẹ̀."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, òwú ni mo bá níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta, oògùn apakòkòrò. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ka ìyókù lórí ìka. Ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Mo sọ fún bàbá ọdẹ. Ó yọ orógbó lẹ́nu, ó rò ó díẹ̀. "Kì í ṣe olè, ọmọ mi. Olè á gbé nǹkan lọ. Eléyìí ń gbé nǹkan wá."

"Bàbá, ẹ bá mi lé e."

"Kí ni kí n sọ pé ó ṣe?"

Mo lọ bá mátíròòn. Ó ní kí n má dá a lóhùn, á sú u, àti pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá olóògbé ti lọ sí oko, wọ́n ní á pẹ́ kó tó dé. Bí gbogbo wọn ṣe bọ́ sẹ́yìn nìyẹn, tó ku èmi tí wọ́n rán níṣẹ́.

Fìlà ọmọ dé. Ó funfun, ó kéré débi pé kò lè wọ ìkúùkù mi. Okùn ìdodo dé. Ní ọjọ́ kẹfà, abẹ́ ni. Wọ́n ti tú u kúrò nínú bébà rẹ̀, wọ́n fi sí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀ bí mo bá jáde. Díẹ̀ ló kù kí n tẹ̀ ẹ́. Mo di ẹrù mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, Ìkẹ́rẹ́ yá, kí iṣẹ́ ìjọba lọ bó bá fẹ́ lọ. Òjá nìkan ló kù nínú àpò yẹn, ọrùn mi ni mo sì ń fi ọwọ́ pa bí mo ṣe ń rò ó.

Lóru ọjọ́ náà, kò sí aboyún kankan nílẹ̀. Bàbá ọdẹ ń hanrun lórí ẹní. Mo wo ìdí igi, kò sẹ́nì kan. Inú mi fẹ́ dùn. Àṣé ó ti gòkè sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó jókòó sí orí bẹ́ǹṣì, ní ibi tó jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ òjò gan-an, ó gbé àdá lé itan, ó wé òjá mọ́ ọwọ́.

Mo di ìdábùú ilẹ̀kùn mú. Mo lè tì í. Mo lè gba ẹ̀yìn sá lọ sílé mátíròòn, kí n sì wà ní Ìkẹ́rẹ́ kí oòrùn tó mú. Mo wo ilẹ̀ láàárín èmi àti bẹ́ǹṣì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá náà ni. Mo fi ìdábùú sílẹ̀, mo jáde.

"Àkúrẹ́ tóbi," ó ní. Kò wò mí. "Mo dé ibì kan, wọ́n ní kí n lọ wo ilé òkú. Mo bú wọn. Mo ní nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fún un."

"Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Mo mọ̀. Gbogbo wọn ti wá bẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe lọ fún mi." Ó wá kọjú sí mi. "Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Mo lè ní rárá. Gbogbo àgbà tí mo mọ̀ ni ì bá ní kí n sọ pé rárá.

"Ó pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kí n wá pè yín, mi ò wá."

Ó fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì tó jókòó lé.

"Mo wà níbí."

"Ẹ wà níbí."

"Mi ò sùn."

"Mo mọ̀. Ohùn wọn ò lè dé ìta mọ́. Èmi nìkan ló gbọ́ ọ."

Ó ń wé òjá náà mọ́ ìkúùkù, ó ń fún un. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú àdá, ó dúró lé mi lórí. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ oko ti gbẹ mọ́ ọn. Ó na òjá náà sí mi.

"Ta ni kí n fún nísinsìnyí?"

Ó fi òjá gba ara rẹ̀ ní ìbàdí, ó so ó le síwájú bí abiyamọ ṣe ń so ó, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé abẹ́ fúrúùtù, ó yíjú padà.

"Ẹ kú uṣẹ́, nọ́ọ̀sì."

Nígbà tí mo fi máa dìde, kò sẹ́nì kan lábẹ́ igi mọ́.

Bàbá ọdẹ yí ara padà lórí ẹní. "Ọmọ mi, wọ́n ń kí ọ."

"Mo gbọ́, bàbá."

"O ò sì dáhùn?"

Kò padà wá mọ́. Kí kòkó ọdún náà tó pọ́n, ó ti fi abà sílẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ gan-an ò sì mọ ibi tó gbà. Èmi ò lọ sí Ìkẹ́rẹ́ mọ́. Mo tú ẹrù mi, mo fi ọdún mẹ́rin sí i ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀. Aboyún tó bá ní kí n pe ọkọ òun, mò ń pè é. Mátíròòn bú mi títí ó fi sú u. Lóròòru ni mo máa ń gbé àga mi sídìí fèrèsé, kí n lè rí ìdí fúrúùtù yẹn dáadáa, bóyá á dé, kí n lè dá a lóhùn.