Yẹtí Kan Ṣoṣo

Mò ń fọ aṣọ iléèwé ọmọ mi nílé wa l'Ájàṣẹ́ nígbà tí ìyàwó sójà kan pè mí. Ó ní wọ́n dènà de bàtálíọ̀nù àwọn sójà àṣàyàn tí àwọn ọkọ wa wà nínú rẹ̀, lápá òkè orílẹ̀-èdè wa. Ọkọ mi kò sí lára àwọn tó padà, wọn ò sì rí òkú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn òbí ọkọ mi, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ìyàwó, yọ yẹtí rẹ, o ti di opó."

Bàbá ọkọ mi dá a lóhùn pé, "Opó ta ni? Ṣé o ti sin ín ni?"

Mo yọ ẹyọ kan, mo fi ìkejì sílẹ̀.

Ọmọ mi bi mí bóyá bàbá òun ti kú. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo bá mọ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún ẹ."