Àwọn Oníjàkadì Orí Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì

Bí ẹ bá gbé aṣọ wá fún mi pé kí n fi òwú àti abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí i, ẹ ò ní rí mi kí n máa wá ohun tí màá yà kiri. Ewé ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ tó la ìka bí ọwọ́ ọmọdé. Ìtàkùn iṣu wà níbẹ̀ tó ń lọ́ mọ́ igi. Ẹtù náà wà, tó jẹ́ pé kókó òwú funfun lásán lèèyàn máa ta sára rẹ̀ títí tí yóò fi di ẹyẹ. Ohun kan ṣoṣo tí mi kì í yà ni ènìyàn. Àwọn oníbàárà mi rò pé nítorí ẹ̀sìn ni, mi ò sì tako wọn. Ìtìjú ni.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé girama ní Ọ̀fà, tí mò ń retí èsì ìdánwò, ó ṣòro kí èèyàn wọ pálọ̀ kan nílùú kó má rí aṣọ funfun kékeré lẹ́yìn àga. Ohun tó wà lára gbogbo wọn kò yàtọ̀ síra: òdòdó róòsì, tàbí obìnrin òyìnbó kan tó dé fìlà gbàǹgbà, tó wọ gáùn tó fẹ̀ nísàlẹ̀ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tó mú agbòòrùn lọ́wọ́. Inú ìwé àwòrán kan náà tí tíṣà ìtọ́jú ilé fi kọ́ wa ni gbogbo wọn ti jáde. A ó tẹ́ kábọ̀n sórí aṣọ, a ó tọ ipa àwòrán náà, a ó wá fi òwú tẹ̀ lé e. Mo máa ń wo obìnrin yẹn lójú, inú á sì bí mi. Kí ló wá ṣe nílé wa? Òjò wo ló ń pa á?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya tèmi nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin ni mo kọ́kọ́ yà, èyí tó ń gba ìlú wa kọjá lọ sí Ìlọrin. Mo tò ó sórí àwọn aṣọ àga bàbá mi, orí rẹ̀ lórí àga àkọ́kọ́, ìrù rẹ̀ lórí èyí tó gbẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé bí àlejò bá ti jókòó, ó ti wọ ọkọ̀ nìyẹn. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í sábà yin èèyàn, bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àlejò pé ibo ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀fẹ̀ yẹn gùn mí bí ọtí. Láti ìgbà náà, mi ò lè wo nǹkan kí n má ro òwú mọ́. Bí alángbá bá gun ògiri, mo ti ń ro irú àwọ̀ tó máa bá ọrùn rẹ̀ mu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, èmi ni màá dúró wo àwọ̀ iná.

Àǹtí yìí ló fẹ́ lọ sílé ọkọ ní Òjòkú. Ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ẹ jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, tíṣà ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni iṣẹ́ wà, àgbàlagbà kan tí gbogbo ilé ń pè ní Àlàájà, tó tọ́ ọmọ náà dàgbà, tó sì jẹ́ pé ohun tó bá sọ labẹ gé nínú ilé yẹn. Àlàájà kò kórìíra Àǹtí. Ohun tó ń sọ kò ju pé òun kò fẹ́ ọmọ Ọ̀fà lọ. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà? Ó ní ọmọ tí wọ́n ti ń fi ìjà kì láti kékeré kò ní ṣàì di ìjà mọ́ ẹrù wá sílé ọkọ. Ẹ̀fẹ̀ ìlú sí ìlú ni, gbogbo wa la máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ tó bá ti dá ìgbéyàwó dúró kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ní gbogbo àsìkò tí ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀, Àǹtí mi, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé títì bó bá ń bá wa wí nínú ilé, kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá lọ kí wọn ní Òjòkú, á kúnlẹ̀ pẹ́, á máa wolẹ̀, “bẹ́ẹ̀ ni, mà” ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, Àlàájà gbà. Ó ní ó jọ pé ọmọ tiyín yìí yàtọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù ìyàwó, ìyá mi ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan, ó ní kí n ṣe nǹkan tó dára sí i. Róòsì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi kò jẹ́ ya róòsì fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń wá ohun tó jẹ́ tiwa, tí kò sí nínú ìwé tíṣà kankan. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ń jìjàkadì nínú yanrìn lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti di ara wọn mú, kò sí èyí tó ṣubú, kò sí èyí tó fẹ́ fi ẹnì kejì sílẹ̀. Apá wọn lọ́ mọ́ra wọn bí ìgbà tí èèyàn bá fi fọ́nrán òwú méjì kọ́ra. Mo dúró síbẹ̀. Mo ní, ó parí. Oríkì ìlú wa rèé, ó wà láàyè, kò sì sẹ́ni tó tíì fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ wò rí.

Ẹ máa bi mí pé ṣé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ Àlàájà ni. Mo gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ máa ń sín in jẹ nínú yàrá, kí Àǹtí lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àlàájà wà ní yàrá kan nínú orí mi, àwọn oníjàkadì mi wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn kò sì sí láàárín wọn. Ẹni tí iṣẹ́ bá ń dùn mọ́ máa ń dìtí.

Mo fi òrùka igi fa àárín aṣọ náà le, mo sì bẹ̀rẹ̀. Òwú aláwọ̀ ilẹ̀ oríṣiríṣi ni mo lò fún ara wọn, mo mú wọn ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé láti orí èyí tó ṣókùnkùn dé orí èyí tó mọ́lẹ̀, kí iṣan lè yọ. Mo tú orúnkún ọ̀kan nínú wọn léraléra nítorí kò tẹ̀ dáadáa. Mo ya ìka ẹsẹ̀ wọn tó ń walẹ̀. Mo ya ìtàkùn iṣu yí etí aṣọ náà ká. Nígbàkigbà tí ìyá mi bá ti ìsọ̀ dé tó bá ní kí n jẹ́ kí òun wò ó, etí aṣọ nìkan ni mo máa ń nà sí i, mo ní ìyókù di ọjọ́ náà. Ó rí ìtàkùn, ó ṣàdúrà fún mi pé ọwọ́ mi kò ní gbẹ. Mo ṣe àmín.

Ọjọ́ pé. Èmi àti àwọn obìnrin ilé wa la kó ẹrù ṣáájú lọ sí Òjòkú, ìyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn wa nírọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin ilé ọkọ ní kí a fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, àwọn á tẹ́ ẹ. Mo ní rárá o, èmi fúnra mi ni màá tẹ́ ẹ. Mo tú aṣọ náà, mo nà án, mo fi ọwọ́ pa á kó má ní ìhúnjọ kankan. Mo wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọ iléèwé tó ń retí ẹ̀bùn.

Àlàájà súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó tẹ̀ ba wò ó.

Ó ní, “Kí làwọn wọ̀nyí ń ṣe?”

Mo ní, “Ìjàkadì ni wọ́n ń jà, mà.”

Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, “Lórí bẹ́ẹ̀dì?”

Obìnrin kan fi ẹnu pọ ẹ̀rín jáde. Òmíràn di ògiri mú. Ẹnì kan sáré lọ pe àwọn tó ń dáná pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Àlàájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn gan-an ni ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì wó nínú orí mi. Mo rò pé bí mo bá ṣàlàyé, á tán, mo wá sọ fún un pé oríkì ìlú wa ni.

Ó ní, “Mo mọ̀. Ṣebí ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn.”

Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti ṣubú láàárín ọjà rí, mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́nu níwájú gbogbo iléèwé. Wọn ò jẹ́ nǹkan kan. Ojú tó tì mí lọ́jọ́ yẹn ṣì ń tì mí. Mo fẹ́ ká aṣọ náà, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, àwọn ẹlòmíì kò tíì rí i.

Nílé wa níbí, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, àwọn ilé ọkọ náà sì máa ń fún ìyàwó lórúkọ tí wọ́n á fi máa pè é. Kí wọ́n tó bu omi sẹ́sẹ̀ Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ yẹn, orúkọ tirẹ̀ ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní, “Oníjàkadì, ẹsẹ̀ á tura.” Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó wolẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìgbà tí wọ́n mú un wọ yàrá ló rí aṣọ náà. Wọ́n sọ fún mi pé ó wo ibẹ̀ títí, ó wá béèrè ibi tí mo wà. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, ni mo wà.

Ìyá mi kò nà mí. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sórí àpótí, ó bi mí pé ṣé ẹyẹ tán nílùú ni.

Mo rò pé orúkọ náà á gbó. Orúkọ kì í gbó. Bí ẹlòmíì bá fọ́ ìkòkò tí Àǹtí bá ní kì í ṣe òun, wọ́n á ní, “Oníjàkadì ti dé o,” ẹ̀rín á sì pa ẹjọ́ náà. Bí wọ́n bá pín nǹkan tí tirẹ̀ kò pé, kó tó la ẹnu, ẹnì kan ti ń fi apá ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn mú. Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ń fi ẹ̀rín dí i lẹ́nu. Òun tó ti pinnu pé bí òun bá ti wọlé ọkọ tán, ohùn òun á padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò rí àyè gbà á padà.

Nígbà tí a wọ àwọn ọdún 1990, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀fà tí mo ti ń fi òwú ṣe ọnà sí ìrọ̀rí àti aṣọ tábìlì. Àǹtí náà ń ta bísíkíìtì àti pẹ́ńsù fún àwọn ọmọ iléèwé ní yàrá iwájú ilé ọkọ rẹ̀. Òun ló kun yàrá náà, òun ló kan pákó sí i. Ọjọ́ tí mo lọ kí i ni Àlàájà pe ilé jọ. Ó ní ìyàwó tuntun tí àbúrò ọkọ Àǹtí fẹ́ mọ aṣọ rán, yàrá iwájú ló sì yẹ aránṣọ. Kí Àǹtí kó ọjà rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Àǹtí fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ iléèwé kò ní mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Àlàájà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ rọra o, Oníjàkadì ti ń di àmùrè.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ń wolẹ̀. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó sì dìde lọ sí yàrá iwájú láti máa kó ọjà. Mo la ẹnu mi, mo fẹ́ sọ fún Àlàájà pé ó ti tó, ṣùgbọ́n Àǹtí ti padà, ó ti fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá náà.

Ó ní, “Má sọ nǹkan kan. Bí o bá bá wọn jà, wọ́n á ní àwọn kúkú ti sọ ọ́.”

Mo bá a ru páálí bísíkíìtì lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí a parí, ó sìn mí dé títì. A dúró de bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ọ̀fà, mo sì ní kó dákun, kó foríjì mí, aṣọ yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́.

Ó ń wo ọ̀nà. Ó ní, “Ṣé mo sọ fún ọ rí pé iṣẹ́ yẹn ò dáa ni? Ó dáa. Ó dáa jù. Ká ní o ò mọ iṣẹ́ ni, wọn ì bá rò pé ijó làwọn méjì yẹn ń jó.”

Bọ́ọ̀sì dé, mo wọ̀ ọ́. Ó ń juwọ́ sí mi láti ẹ̀bá títì, ìtìjú ò sì jẹ́ kí n lè ju tèmi padà.